Wọ́n Ní Tíátà Àárín Ìlú Ti Di Ibi Ìtàn Tí Òfin Ń Dáàbò Bò: Ṣé Kò Ṣeé Wó Mọ́ Nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní tíátà àtijọ́ kan tó wà láàárín ìlú tí àwọn ń gbé ti wọ ìwé àwọn ibi ìtàn, iyàn sì ti bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀. Ẹnì kan ní ìjọba ti gba ilé náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Òmíràn ní kò sẹ́ni tó tún lè wó o láéláé. Ẹnì kẹta ti ń ṣírò owó tí ìjọba máa kó wá láti fi tún un ṣe. "Àbúrò mi, ìwọ tó máa ń ka gbogbo nǹkan, èwo ló jóòótọ́ níbẹ̀?"

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó jóòótọ́ délẹ̀. Mi ò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "landmark", ni àwọn oníròyìn máa ń lò fún ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí agbára wọn kò dọ́gba. Ọ̀kan ń fi ọlá fún ilé. Èkejì ń fi ọlá tó ju ìyẹn lọ fún un. Ẹ̀kẹta nìkan ló lè dá katapílà dúró. Kí ẹ tó yọ̀, kí ẹ tó bínú, ẹ kọ́kọ́ bèèrè èwo ni wọ́n fún un.

## Irú ilé wo gan-an là ń sọ?

Láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, àwọn onísinimá ní Amẹ́ríkà ń bára wọn du èrò. Wọ́n wá ń kọ́ ilé eré bí ẹni ń kọ́ ààfin, kí òṣìṣẹ́ tó já tíkẹ́ẹ̀tì lálẹ́ Sátidé lè fi wákàtí mélòó kan jayé ọba. Ẹ wo Fox Theatre ní Atlanta, tó ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1929. Ó lé ní 4,600 ènìyàn tó lè jókòó síbẹ̀. Wọ́n kun àjà rẹ̀ bí ojú sánmà alẹ́, wọ́n fi iná tíntìntín ṣe ìràwọ̀ sí i, ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dà bí odi ìlú Lárúbáwá kan. Ẹni tó bá gbójú sókè kí eré tó bẹ̀rẹ̀, á rò pé ìta gbangba lòun jókòó sí.

Ogun Àgbáyé Kejì parí, tẹlifíṣàn dé. Àwọn ìdílé tó rí jájẹ kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, èrò àárín ìlú sì fọ́n ká. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn wá ń ṣí fún èrò táṣẹ́rẹ́, òrùlé ń jò, owó iná ń gorí owó iná. Nígbà tó yá, ilẹ̀ tí ilé dúró lé wá níye lórí ju ilé fúnra rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ìjà tí ẹ ń gbọ́ nípa tíátà àárín ìlú ti ń bẹ̀rẹ̀.

## Orúkọ rẹ̀ wọ ìwé orílẹ̀-èdè: kí ni ìyẹn ṣe fún un?

Ìwé àkọ́kọ́ ni National Register of Historic Places. Òfin ọdún 1966 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. National Park Service ló ń tọ́jú rẹ̀, àwọn kan náà tó ń bójú tó igbó àti òkè ńláńlá tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ibi tó lé ní 90,000 ló ti wà nínú rẹ̀.

Kí ilé tó wọ ibẹ̀, ó sábà máa ń ní láti pé àádọ́ta ọdún. Ó tún gbọ́dọ̀ ní ìdí kan gúnmọ́: bóyá ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá kan wáyé níbẹ̀, bóyá ó so mọ́ ìgbésí ayé ènìyàn jàǹkàn kan, tàbí kí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọ jẹ́ àrà ọ̀tọ̀. Ìdí kẹrin wà, àmọ́ àwọn tó ń wú ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ ló kàn jù. Ilé náà sì gbọ́dọ̀ ṣì jọ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ẹnu ọ̀nà àtijọ́ sọnù, tí wọ́n fi gíláàsì òde òní bo gbogbo iwájú, ó lè má wọlé.

Ẹnì kan á kọ ìtàn ilé, á ya fọ́tò rẹ̀, á fi gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì. Fáìlì á lọ sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, ó di Washington. Bí ilé bá jẹ́ ti aládàáni, tí ẹni tó ni ín sì kọ̀wé pé òun ò fẹ́, wọn ò ní kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu nìyí. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, ìwé náà kò dí onílé lọ́wọ́ ohun tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ṣe. Ó lè kùn ún ní pupa. Ó lè tà á. Bí òfin ìlú rẹ̀ bá gbà á láyè, ó lè pe katapílà lọ́la kó wó o palẹ̀, àti ògiri àti pátákó idẹ tí wọ́n kàn mọ́ ọn. National Park Service fúnra wọn kò fi èyí pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pè é ní oyè ìdánilọ́lá: wọ́n ti já ewé oyè lé yín lórí, gbogbo ìlú ń kí yín ní olóyè, ṣùgbọ́n wọn ò fi ẹ̀ṣọ́ kankan ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín.

Ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀ bí owó tàbí ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ bá wọ̀ ọ́. Ọ́fíìsì tó fẹ́ gbé owó náà jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe fún ilé, kó gbọ́ tẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, kó sì wá ọ̀nà tí ìbàjẹ́ á fi dínkù. Ẹ ṣàkíyèsí pé gbígbọ́ ni òfin ní kí wọ́n gbọ́, kò ní kí wọ́n gbà. Àwọn ará New York jẹ ìyà yìí ní 1982. Wọ́n fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá sí Times Square, owó ìjọba àpapọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n jíròrò, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Àwọn òṣèré tú síta, wọ́n dúró níwájú ilé, ọlọ́pàá kó lára wọn. Wọ́n wó tíátà Morosco àti Helen Hayes bẹ́ẹ̀ náà ni. Hòtẹ́ẹ̀lì ló wà níbẹ̀ lónìí.

## National Historic Landmark ńkọ́?

Òun ni ìwé kejì, orúkọ rẹ̀ ló sì ń dàrú mọ́ èèyàn lójú jù. Ibi tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 2,600 lọ, àwọn tí ìtàn wọn kan Amẹ́ríkà lápapọ̀. Fox tí mo mẹ́nu bà wọ ibẹ̀ ní 1976. Ohio Theatre ní Columbus àti Paramount ní Oakland tẹ̀ lé e ní 1977. Ìjọba àpapọ̀ ní láti túbọ̀ rọra ṣe lórí irú ilé bẹ́ẹ̀. Onílé aládàáni tó ń ná owó ara rẹ̀? Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló wà. Oyè ńlá ni, àmọ́ oyè náà ni.

## Èwo ló wá lè dá katapílà dúró?

Òfin ìlú. Ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú ló ń ṣe é, kì í ṣe Washington, ìdí nìyẹn tí kò fi rí bákan náà láti ìlú kan sí òmíràn. Charleston ní South Carolina ti ṣe irú rẹ̀ fún àdúgbò àtijọ́ kan láti 1931. Èyí tó lókìkí jù ni ti New York, ti ọdún 1965, inú bíbí ló sì bí i. Ní 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó Pennsylvania Station, ibùdókọ̀ ojú irin olókùúta tí àwọn òpó rẹ̀ ga bí ìrókò. Ojú àwọn ará ìlú ni wọ́n ṣe ń fọ́ ọ ní òkúta kọ̀ọ̀kan, kò sì sí òfin kan tó lè sọ pé kí wọ́n dúró.

Lábẹ́ òfin tó jáde lẹ́yìn ìyẹn, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mọ́kànlá ló ń pinnu. Wọn ò nílò kí onílé gbà kí wọ́n tó kọ orúkọ ilé rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, kò lè wó o, kò lè yí ojú rẹ̀ padà, kò lè pààrọ̀ fèrèsé àtijọ́, àfi tí ìgbìmọ̀ bá fún un níwèé. Ẹ rò ó bí ẹni tó háyà yàrá. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ ń sùn níbẹ̀, àmọ́ ẹ ò lè dédé lu ògiri jáde láìsọ fún láńlọ́ọ̀dù. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé níhìn-ín, láńlọ́ọ̀dù gan-an ló ń tọrọ àyè.

Kì í ṣe gbogbo ìlú ló le tó bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ibòmíì, gbogbo agbára tí òfin ní kò ju kó ní kí onílé sinmi fún oṣù mélòó kan, bóyá ẹni tó fẹ́ ra ilé náà tọwọ́tẹsẹ̀ á yọjú. Tí oṣù bá pé tí kò sẹ́ni tó dé, ó lè wó o. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé "ìlú ti dáàbò bò ó", ẹ bi wọ́n léèrè: ṣé wọ́n lè kọ̀ ni, àbí wọ́n kàn lè fi falẹ̀?

## Ṣé inú ilé wà níbẹ̀, àbí ìta nìkan?

Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù fún tíátà, òun náà sì ni kì í wá sọ́kàn èèyàn. Ọ̀pọ̀ òfin ìlú kò kọjá ìta ilé. Bẹ́ẹ̀, ta ló ń sanwó wo ìta tíátà? Inú lẹwà wà.

New York tún òfin tiwọn ṣe ní 1973 kó lè dé inú ilé, bí inú náà bá jẹ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Wọ́n yọ ilé ìjọsìn sílẹ̀. Tíátà bọ́ sí i wẹ́kú. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1982, ìgbìmọ̀ kó ọ̀pọ̀ tíátà Broadway, àwọn ilé eré ńlá tó wà ládùúgbò Times Square, wọ inú àkọsílẹ̀ kí àwọn ọdún 1980 tó parí, òmíràn nínú lóde. Àwọn tó ni wọ́n pẹjọ́, wọ́n sì pàdánù.

Tí ẹ bá fẹ́ rí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí inú tíátà tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, Detroit ni kí ẹ lọ. Michigan Theatre ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ ní 1926, ìjókòó rẹ̀ tó nǹkan bí 4,000. Ó kógbá sílé ní 1976. Ilé ọ́fíìsì gíga kan wà tí wọ́n kọ́ pọ̀ mọ́ ọn, àwọn tó háyà ibẹ̀ sì fẹ́ ibi tí wọ́n á máa gbé mọ́tò sí. Bí wọ́n bá wó tíátà náà, ilé ọ́fíìsì lè mì. Ni wọ́n bá họ inú rẹ̀ bí ẹni họ igbá. Wọ́n kó àga, wọ́n wó bákónì, wọ́n wá da àjà kọnkéré mẹ́ta síbẹ̀. Ẹ wa mọ́tò gòkè dé àjà tó ga jù, ẹ jáde, ẹ gbójú sókè: òdòdó àti ewé tí wọ́n fi plaster mọ ní 1926 ṣì wà lókè orí yín, ó ya níhìn-ín, ó bó lọ́hùn-ún, mọ́tò tò lọ rẹrẹ lábẹ́ rẹ̀. Orí ilẹ̀ yẹn náà ni ilé kótópó tí Henry Ford ti to mọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1896 wà tẹ́lẹ̀. Mọ́tò ló kọ́kọ́ nilẹ̀, mọ́tò ló padà wá gbà á.

## Ṣé ìjọba lè pàṣẹ lórí ilé onílé?

Àwọn tó ni Grand Central, ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ ńlá tó kù sí New York lẹ́yìn tí wọ́n wó Pennsylvania Station, gbé ìbéèrè yìí lọ sí kóòtù. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé gogoro tó lé ní àádọ́ta àjà sórí rẹ̀, ìgbìmọ̀ ní rárá. Wọ́n ní bí ìjọba ṣe dí àwọn lọ́wọ́ yìí, ó ti gba ohun ìní àwọn nìyẹn, kó yáa sanwó rẹ̀. Ní 1978, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta, pé ìjọba kò gba nǹkan kan. Ibùdókọ̀ náà ṣì ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ fún, ó ṣì lè mú èrè wálé, àti pé ẹ̀tọ́ ìkọ́lé tí wọn ò lè lò lókè rẹ̀, wọ́n lè gbé e lọ sí ilẹ̀ mìíràn nítòsí.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn lè rúni lójú. Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ká ní òfin ìkọ́lé gbà kí ilé orí ilẹ̀ yín ga dé ogún àjà, tí tíátà yín ò sì ju ìwọ̀n àjà mẹ́rin lọ. Àjà mẹ́rìndínlógún tó kù, tí ẹ ò kọ́, tó jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán, ọjà ni. Ẹ lè tà á fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé gíga sórí ilẹ̀ mìíràn. Òun á fi kún tiẹ̀, ẹ̀yin á gbowó, tíátà á dúró bó ṣe wà. Láti 1998, àwọn tíátà Broadway tó wà nínú àkọsílẹ̀ lè ta afẹ́fẹ́ wọn jìnnà ju ilé tó múlé tì wọ́n lọ, káàkiri àdúgbò tíátà yẹn, kí apá kan owó náà sì lọ sínú àpò tó wà fún ìdàgbàsókè eré. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń ta òfuurufú, wọ́n sì ń rí i rà.

Òfin náà fi ihò kékeré kan sílẹ̀: onílé tó bá fi ìṣirò owó hàn kedere pé ilé náà kò lè mú èrè tó bójú mu wá, lè ní kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Kì í rọrùn láti gbà.

## Owó tí wọ́n ń ṣírò ńkọ́?

Ìjọba kì í gbé àpò owó kalẹ̀ lọ́jọ́ tí orúkọ ilé wọ ìwé. Ohun tó sábà máa ń wà ni ẹ̀dínwó owó orí. Bí ilé tó wà nínú ìwé orílẹ̀-èdè bá jẹ́ èyí tó ń pawó wọlé, ẹni tó tún un ṣe lè yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná kúrò nínú owó orí tó jẹ ìjọba àpapọ̀. Ẹ ná 10 mílíọ̀nù dọ́là, ẹ yọ 2 mílíọ̀nù. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin owó orí ṣe ní 2017, ọdún márùn-ún ni wọ́n pín in sí, ìyẹn 400,000 dọ́là lọ́dún. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ná owó náà o, kí ẹ tó yọ ohunkóhun.

Iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ bá ìlànà mu. Ẹ ò lè gbá òdòdó plaster dànù lórí àjà kí ẹ fi pákó pẹlẹbẹ bò ó, kí ẹ tún lọ máa béèrè ẹ̀dínwó. Ìwé tí kò lè dí onílé lọ́wọ́ láàárọ̀, ó wá fi owó fà á létí nírọ̀lẹ́. Ní tèmi, ibẹ̀ gan-an ni agbára ìwé orílẹ̀-èdè wà. Bó bá jẹ́ pé ìlú tàbí ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í san owó orí ló ni tíátà, wọ́n á wá ilé iṣẹ́ tó jẹ gbèsè owó orí wọ inú àdéhùn, kí òun mówó wá kó sì gba ẹ̀dínwó náà. Lọ́ọ́yà ń jẹun dáadáa níbẹ̀.

Owó ará ìlú ni ó sábà máa ń ṣẹ́ ogun ọ̀hún. Fox wọ ìwé orílẹ̀-èdè ní 1974, síbẹ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan ń bá a lọ láti ra ilẹ̀ náà kó lè kọ́ olú ọ́fíìsì rẹ̀ síbẹ̀. Ìlú Atlanta kò yára fún wọn ní ìwé ìwólé. Àwọn ará ìlú lo àkókò yẹn, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1975, wọ́n yá owó, wọ́n ń gbé olórin wá, wọ́n ń gba ọrẹ, wọ́n sì san gbèsè náà tán ní 1978.

## Ṣé eré máa padà síbẹ̀?

Kò pọn dandan. Ilé ni òfin ń ṣọ́, kì í ṣọ́ ohun tí wọ́n ń fi ilé ṣe. Tíátà Mark Hellinger ní New York, tí wọ́n kọ́ ní 1930, wọ àkọsílẹ̀ ìlú nínú lóde láàárín 1987 sí 1988. Ṣọ́ọ̀ṣì kan háyà rẹ̀ ní 1989, wọ́n sì rà á ní 1991. Orin ìyìn ni wọ́n ń kọ níbẹ̀ báyìí lábẹ́ àjà olówó iyebíye yẹn, òfin ò sì ní kí wọ́n má kọ ọ́.

Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ ní Chicago. Uptown Theatre tó ṣí ní 1925, tó gba ènìyàn tó lé ní 4,300, tìlẹ̀kùn ní 1981. Ó wọ ìwé orílẹ̀-èdè ní 1986, ó wọ ti ìlú ní 1991, ààbò pé. Ó ju ogójì ọdún lọ tí wọn ò ṣe eré níbẹ̀. Ìlú lè fi òfin halẹ̀ mọ́ onílé pé kó tún òrùlé ṣe, ṣùgbọ́n omi òjò kì í dúró de ìpàdé.

Kí ẹ má sì rò pé ilé tó bá wọ àkọsílẹ̀ ti di òkúta tí kò ṣeé ṣí nídìí. Inú Palace Theatre ní Times Square, tó ti wà láti 1913, wọ àkọsílẹ̀ ìlú ní 1987. Àwọn onílé fẹ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù. Ìgbìmọ̀ gbà fún wọn, ní 2022 wọ́n fi jáàkì gbé gbogbo gbọ̀ngàn náà, ẹrù tó lé ní 6,000 tọ́ọ̀nù, díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ga sókè ní nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sábẹ́ rẹ̀. Plaster àjà rẹ̀ wà lókè níbẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ ọ́n.

Mo sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí wọ́n bá mi wo ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé náà gan-an. Wọ́n dáhùn lọ́jọ́ kejì: "Ti orílẹ̀-èdè ni wọ́n fún un. Ìlú ò tíì dá sí i, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa jókòó lé e lórí. Tún bá mi ṣàlàyé ti inú ilé yẹn, kí n lè mọ bí mo ṣe máa bi wọ́n."